Bí A Ṣe Ń Gba Ọmọ Tọ́ Láìjẹ́ Kí Ọmọ Gbọ́

Ẹ kú oríire. Kóòtù ti fẹ́ fọwọ́ sí i, ọmọ ti fẹ́ di tiyín. Ohun tó kù ni kí ọmọ náà fẹ́ràn yín tọkàntọkàn kí ó sì fọkàn tán yín pátápátá, láìjẹ́ pé ẹ̀yin fọkàn tán òun, láìjẹ́ pé ẹ sọ ẹyọ òtítọ́ kan fún un nípa ara rẹ̀. Èrò tó mọ́gbọ́n dání ni. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ti gbìyànjú ẹ̀ láti Èkó títí dé Adó-Èkìtì, ohun tó sì ba tiwọn jẹ́ ni pé olúkúlùkù ń ṣe é bó ṣe wù ú. Kò sẹ́ni tó fún wọn ní ìlànà. Ìlànà rèé. Ẹ mú bíírò.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ gbé ìwé pamọ́

Ìjọba ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2003, àti èyí tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tẹ̀ lé e lọ́dún 2007, kò gbà kí ènìyàn kàn gbé ọmọ lọ sílé. Ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn wẹ́fíà ṣáájú. Òṣìṣẹ́ wọn yóò wá wo ilé yín, yóò wo ibi tí ọmọ máa sùn, yóò bi yín ní iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe àti iye tó ń wọlé. Ẹ gbọ́dọ̀ fi ọdún 21, ó kéré tán, ju ọmọ lọ. Ọmọ sì gbọ́dọ̀ ti gbé lọ́dọ̀ yín fún oṣù mẹ́ta gbáko kí adájọ́ tó fọwọ́ sí i. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá fi máa parí, ìwé ti ga dé orúnkún, inú ìwé yẹn sì ni ohun gbogbo wà: ibi tí wọ́n ti rí ọmọ, ilé ọmọ aláìlóbìí tó kọ́kọ́ gbé, orúkọ tí àwọn alágbàtọ́ ibẹ̀ ń pè é.

Ẹ má dáná sun ún. Ẹ máa nílò rẹ̀ fún pásípọ́ọ̀tù. Ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ kó o sínú àpótí irin, ẹ tì í sábẹ́ ibùsùn, kí ẹ sì máa jágbe mọ́ ọmọ náà nígbàkígbà tó bá ti sún mọ́ àpótí ọ̀hún. Kí ó tó pé ọdún mẹ́fà, yóò ti mọ̀ pé nǹkan kan ń bẹ níbẹ̀. Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ọmọ tó bá mọ ibi tí àṣírí wà nínú ilé, ọmọ tó mọ ilé dáadáa ni.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ lóyún

Ìyá ọmọ ló ni èyí. Ẹ ra ìrọ̀rí mẹ́ta, kékeré, àárín àti ńlá, ẹ rán rọ́bà ṣòkòtò mọ́ wọn létí, kí ẹ sì máa pààrọ̀ wọn bí oṣù bá ṣe ń gorí oṣù. Fóòmù a máa mú ooru, pàápàá nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Èkó. Ẹ fara dà á. Bí ẹ bá wọ BRT, wọ́n á dìde fún yín; ẹ jókòó, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì gbé ọwọ́ sẹ́yìn ìbàdí. Bí ìyá ọkọ bá fẹ́ fọwọ́ kan ikùn, dókítà ti kọ̀. Bí wọ́n bá ní àwọn á bá yín lọ sí klíníkì níbi tí àwọn aláboyún ti ń kọrin tí wọ́n ń ṣápẹ́ láàárọ̀, ẹ ní dókítà tiyín kì í gba orin. Lọ́jọ́ ìsinmi, ẹ jókòó sẹ́yìn pátápátá nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ijó ìyìn ni ọ̀tá ìrọ̀rí.

Kí ọkọ má kàn jókòó lásán o. Kí ó jáde lóru lọ wá agbálùmọ̀ nínú oṣù kẹjọ, tí kò sí agbálùmọ̀ níbi kankan, kí ó máa kan ìlẹ̀kùn àwọn aládùúgbò kí wọ́n lè jẹ́rìí sí i pé oyún ló ń mú kí agbálùmọ̀ máa wu ìyàwó òun jẹ.

Ẹ ó ti kíyè sí i pé òfin ní kí ọmọ gbé lọ́dọ̀ yín fún oṣù mẹ́ta. Ìyẹn ni pé ọmọ á ti wà lórí ẹní nínú pálọ̀ nígbà tí oyún rẹ̀ ṣì wà níkùn yín. Ẹ má jẹ́ kó dà yín lọ́kàn rú. Ẹ pè é ní ọmọ àbúrò yín títí ẹ ó fi bí i.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ kó ọmọ jáde

Ní ọjọ́ kẹjọ tí ẹ bímọ, ẹ pe ará, ẹ pe ọ̀rẹ́. Lọ́jọ́ náà, ọmọ yín ti pé oṣù mẹ́jọ, ó ti hu eyín mẹ́rin, ó sì ti ń rákò. Ẹ fi aṣọ wé e mọ́ra dáadáa kí ó má baà sọ̀ kalẹ̀. Ẹ ṣàlàyé fún àwọn àgbà pé ẹ̀wà ni ẹ ń jẹ nígbà oyún. Bí bàbá àgbà bá fi oyin tọ́ ọ lẹ́nu, ó ṣeé ṣe kí ó na ọwọ́ pé kí wọ́n bu sí i. Bí wọ́n bá gbé obì sún mọ́ ọn, ó lè gbà á kí ó sì gé e jẹ. Bí ó bá gé e jẹ, kí alága pariwo “Iṣẹ́ ìyanu!” kí onílù sì bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fún àwọn ìyá àgbà láyè láti ronú.

Orúkọ wá ńkọ́? Èyí tó ti ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ. Ẹ ní àwòkọ́ṣe rere nínú ìtàn. Lọ́dún 1850, Frederick Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì, gba ọmọbìnrin Ẹ̀gbádò kan lọ́wọ́ Ghezo, ọba Dahomey, wọ́n ní kí ó fi í ta Ọbabìnrin Victoria lọ́rẹ. Ogun ti kó ọmọ náà lẹ́rú, kò sì ní òbí mọ́. Forbes wo ọmọ, ó wo ara rẹ̀, ó wo ọkọ̀ tó gbé wọn, ó sọ ọ́ ní Sarah Forbes Bonetta: Forbes ni orúkọ bàbá tòun, Bonetta sì ni orúkọ ọkọ̀. Ọbabìnrin ń náwó sí i lórí, ó ń rán an níwèé, ó fẹ́ràn rẹ̀ gidi. Ọdún méjìlá kọjá. Lọ́dún 1862, ní ìlú Brighton, ọmọ náà fẹ́ James Davies, oníṣòwò ará Èkó, orúkọ tó sì wọ inú ìwé ìgbéyàwó ni Ina Sarah Forbes Bonetta. Ina yẹn ni Àìná, orúkọ tó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀; èyí tí wọ́n ti gbàgbé tún yọjú níwájú àwọn yòókù.

Ẹ rí ibi tí Forbes ti kùnà? Ọmọ ọdún méje ló bá pààdé. Ọmọ ọdún méje ti mọ orúkọ ara rẹ̀. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ kó kúrò ládùúgbò

Ẹ kó lọ síbi tí wọn kò ti mọ̀ yín. Bí ẹni àtijọ́ kan bá rí yín níbẹ̀, ẹ tún kó. Ẹ má ra ilé.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ múra sílẹ̀ fún “Ta ni mo jọ?”

Ọmọ á bi yín léyìí bó bá ti ń tó ọdún mẹ́rin. Ẹ yan òkú kan fún un. Òkú tó dára jù ni èyí tó ti lọ kí fọ́tò tó dé abúlé yín. Kí ọkọ àti aya kọ́kọ́ fẹnu kò o, nítorí bí ọkọ bá mú ìyá-ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí ìyàwó sì mú àbúrò bàbá rẹ̀ ní Ìlá, ọmọ á bá ara rẹ̀ pẹ̀lú imú Ìjẹ̀bú lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ìlá, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo dígí jù. Ẹ ra ìwé olójú ewé ọgọ́rin. Gbogbo irọ́ tí ẹ bá pa, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ pa á, kí ẹ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lálaalẹ́ bí ọmọ bá ti sùn. Bí ìwé yẹn bá kún, ẹ ra òmíràn. Ibi tí ẹ máa tọ́jú rẹ̀ sí, ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Màmá àgbà tún wà níbẹ̀. Àwọn màmá a máa ki ọmọ láàárọ̀ bí ọmọ bá kúnlẹ̀ kí wọn. Bí wọn kò bá mọ nǹkan kan, wọn á ki oríkì ìdílé fún un dé orí, kò séwu. Bí ẹnì kan bá ti ta wọ́n lólobó, wọn á bẹ̀rẹ̀, wọn á dé àárín, wọn á sì ní kí ọmọ lọ jẹun. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, ọmọ á máa gbọ́ tí wọ́n ń ki àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ parí. Ṣùgbọ́n kò tíì dàgbà tó láti béèrè ìdí ẹ̀, ìgbà tó bá sì dàgbà tó, kò ní béèrè mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ dán an wò

Ibí ni iṣẹ́ wà. Ìgbẹ́kẹ̀lé kò ṣeé fi fún ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́, pàápàá ọmọ tí ẹ kò mọ bàbá tó bí i.

Ẹ fi ₦500 sórí tábìlì. Ẹ kọ nọ́ńbà ara owó náà sílẹ̀. Ẹ lọ sẹ́yìn kọ́tìnnì. Bí ọmọ bá mú owó, ẹ̀jẹ̀ ni. Bí kò bá mú un, ó mọ̀ pé ẹ wà lẹ́yìn kọ́tìnnì, ẹ ò rí i pé ọgbọ́n àyínìke ni: ẹ̀jẹ̀ náà ni. Bí ó bá gbé e tọ̀ yín wá tó ní, “Mọ́mì, owó yín rèé,” eléyìí ló léwu jù nínú gbogbo wọn, nítorí ó fẹ́ kí ẹ túra sílẹ̀. Ẹ sọ ọ́ di ₦1,000. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ₦5,000. Bó bá fi máa tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, ẹ lè nílò láti kó àjọ kí ẹ tó lè rí iye tó tó dán an wò. Ìyẹn fi hàn pé ẹ kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìtọ́jú ọmọ.

Ẹ ka ẹran inú ìkòkò kí ẹ tó sùn. Ẹ fi àgádágodo sí fíríìjì. Bí ọmọ aládùúgbò bá fá ṣúgà lá, ọmọdé ni, ẹ rẹ́rìn-ín. Bí tiyín bá fá a lá, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ wòlíì kí wọ́n lè wo ohun tó tẹ̀ lé e wá. Wòlíì á rí nǹkan. N kò tíì gbọ́ pé wọ́n sanwó fún wòlíì rí tó ní òun ò rí nǹkan kan. Wọ́n á ní kí ẹ mú àbẹ́là méje wá, kí ọmọ gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ìtọ́wò ṣúgà kan ṣoṣo náà ni o.

Ní gbogbo àkókò yìí, ẹ máa rán an létí lójoojúmọ́ pé kó fọkàn tán yín. Ẹ ní, “Kò sóhun tí o kò lè sọ fún mi.” Bó bá wá sọ pé tíṣà na òun láìṣẹ̀, ẹ pe tíṣà lórí fóònù kí ẹ lè gbọ́ òtítọ́.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ jẹ́ kó máa dúpẹ́

Ẹ ṣe àkọsílẹ̀ owó: mílíìkì, abẹ́rẹ́ àjẹsára, bàtà iléèwé. Ní ọjọ́ ìbí rẹ̀, kí ẹ tó gé àkàrà òyìnbó, ẹ kà á sí i létí. Ẹ má sọ ìdí tí òun nìkan fi ní àkọsílẹ̀ nínú gbogbo ọmọ tó wà ládùúgbò.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ẹ lè wá bímọ. Ó máa ń ṣẹlẹ̀, láìsí ìrọ̀rí. Ìgbà yẹn ni àwọn àgbà ẹbí á wá ran yín létí pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ẹ gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Ẹ gbé ibùsùn àgbà ọmọ jáde sí pálọ̀. Ọmọ ọlọ́mọ là á sì rán níṣẹ́ dé tòru-tòru: bí iná bá lọ láago mọ́kànlá alẹ́, òun ni kó lọ ra epo jẹnẹrétọ̀. Bó bá ní ẹ̀rù ń ba òun, ẹ ní òun ni àkọ́bí, òun ló ni ilé. Irọ́ kọ́ ni ìyẹn. Òfin ti sọ pé bí ẹ bá kú láìkọ ìwé ìhágún, ọmọ tí kóòtù fún yín àti ọmọ tí ẹ bí, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹ má kàn sọ fún un pé òfin ló sọ ọ́.

Bí inú bá bí yín, ẹ lè ní, “Bóyá wọ́n pààrọ̀ ẹ fún mi ní ọsibítù ni.” Gbogbo ìyá ilẹ̀ Yorùbá ló ń sọ ọ́, ọmọ wọn á sì rẹ́rìn-ín. Tiyín náà á rẹ́rìn-ín báyìí. Yóò tún un gbọ́ létí lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ bá jẹ́nótáìpù jà

Ibí ni ọ̀pọ̀ tọkọtaya tó ti ń ṣe dáadáa ti ṣubú. Dádì AA. Mọ́mì AA. Ẹ fi yangàn lọ́jọ́ ìgbéyàwó yín. Ọmọ wá dé kíláàsì àgbà, tíṣà bàọ́lọ́jì ya àpótí onígun mẹ́rin sójú pátákó, ó pín in sí mẹ́rin, ó ní AA àti AA, ọmọ AA nìkan ni wọ́n lè bí. Ọmọ yín wo fọ́ọ̀mù ìlera rẹ̀. AS ló wà níbẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ ní láàbù ló ṣi í. Wọn kì í ṣàìṣi nǹkan ṣe, nítorí náà irọ́ yìí dára. Ẹ gbé e lọ sí láàbù mìíràn. AS. Ẹ gbé e lọ sí ìkẹta, kí ẹ lọ síbi tó wọ́n. AS náà ni wọ́n á rí, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà tó dán.

Ọ̀rọ̀ á wá dé etí ìyá ọkọ, àwọn tí wọ́n rí oyún náà pẹ̀lú ojú ara wọn. Wọ́n á ṣe ìṣirò tiwọn: bí ọmọ kò bá jẹ́ ti ọmọkùnrin àwọn, a jẹ́ pé ìyàwó ló lọ gbé e wá láti ìta. Ẹbí á pe ìpàdé. Ìyàwó, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, ọ̀nà méjì ló wà níwájú yín. Ẹ lè sọ òtítọ́, èyí tó máa gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tàbí kí ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ jẹ́wọ́ pé ẹ yan àlè. Ẹ yan àlè. Ọkọ, ẹ fi ìbínú hàn, ẹ gbá tábìlì, ẹ bú ìyàwó yín lójú àwọn ènìyàn nítorí ohun tí ẹ mọ̀ dájú pé kò ṣe, kí ẹ sì rọra fún un lómi bí ẹ bá délé. Bí wọ́n bá béèrè orúkọ ọkùnrin náà, ẹ padà sínú ìwé olójú ewé ọgọ́rin, ẹ yan òkú.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn sọ ọ́

Ní báyìí, ẹ ka àwọn tó mọ̀: wẹ́fíà, adájọ́, akọ̀wé kóòtù, olùṣọ́àgùntàn, ẹ̀gbọ́n ìyàwó, ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyàwó, ẹni tó rán rọ́bà mọ́ ìrọ̀rí, àwọn ará àdúgbò mẹ́ta. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò tíì gbọ́ ni ọmọ. Ó yẹ kó gbọ́ báyìí, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó jẹ́ láti ẹnu yín.

Ẹni tó yẹ ni àbúrò Dádì tí wọn kò bu ẹran tó fún níbi òkú bàbá àgbà. Ẹ má ṣe nǹkan kan. Ẹ kàn jókòó. Bí wọ́n bá ti ń jiyàn lórí ilẹ̀ ẹbí, bí ọtí bá ti wọ̀ wọ́n lára, wọ́n á nàka sí ọmọ yín lójú gbogbo ayé, wọ́n á ní, “Ta tiẹ̀ ni eléyìí nílé wa?” Iṣẹ́ ti parí. Ó gba ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: Ẹ dáhùn ìbéèrè méjì

Ọmọ á wọlé lálẹ́ ọjọ́ náà, kò ní jẹun. Ìbéèrè méjì ni yóò bi yín. Àkọ́kọ́ ni, “Ta ló bí mi?” Ẹ fún un ní kọ́kọ́rọ́ àpótí, ó ti mọ ibi tó wà. Ìkejì ni, “Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?” Ẹ má ní ẹ̀rù ló bà yín pé kò ní fẹ́ràn yín mọ́. Òtítọ́ ni ìyẹn, kò sì sí nínú ìlànà yìí. Ẹ ní nítorí pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà, ẹ bi òun náà léèrè ìdí tí kò fi fọkàn tán yín.

Bó bá padà sí yunifásítì tí kò gbé fóònù, ẹ pè é lẹ́ẹ̀mejì péré, kí ẹ sì sọ fún ará ilé pé ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ni.

Ẹ̀yin tọkọtaya tí ẹ ti ń sọ fún ọmọ yín láti ìgbà tó ṣì wà lẹ́yìn yín pé kóòtù ni ẹ ti gbà á, tí ẹ ń fi ọjọ́ tí ẹ lọ gbé e wálé pa àlọ́ fún un títí òun fúnra rẹ̀ fi lè pa á fún àlejò, tí ẹ fi owó sórí tábìlì tí ẹ sì gbàgbé pé ẹ fi síbẹ̀: ìwé yìí kò wúlò fún yín. Ẹ má bínú, a kì í dá owó padà.